Iná Tí Òṣèré Ń Wọ̀ Sára: Bí Bátìrì Ṣe Dé Orí Ìtàgé

Nígbà tí àwọn ọmọ wa bá jáde wá ṣeré, ẹ ó rí gílóòbù wẹ́wẹ́ tí yóò máa tàn lára adé àti ìyẹ́ àwọn áńgẹ́lì. Àwọn àgbà tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ wa ní Kaduna níbí mọ̀ pé àbẹ́là ni áńgẹ́lì máa ń gbé lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún kan, iná àbẹ́là ọmọ kan ran apá aṣọ nẹ́ẹ̀tì ọmọ kejì. Ìyá kan ló yára tú gèlè orí rẹ̀, ó fi pa iná náà. Ọmọ náà kò fara pa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Òun ló jẹ́ kí n wádìí ìtàn yìí.

Iná ti jẹ òṣèré púpọ̀ kí bátìrì tó dé. Ní ilẹ̀ Yúróòpù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àtùpà elépo àti iná gáàsì ni wọ́n ń tàn sí etí ìtàgé, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ni àwọn oníjó ń wọ̀. Ní oṣù Kejìlá 1844, iná mú aṣọ Clara Webster lórí ìtàgé Drury Lane ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Emma Livry, oníjó ọmọ ilẹ̀ Faransé. Oògùn kan ti wà nígbà náà tí wọ́n máa ń rẹ aṣọ sí kí iná má baà tètè mú un, ìjọba sì ti pàṣẹ ní 1859 pé kí àwọn ilé eré máa lò ó. Emma kọ̀. Oògùn náà máa ń mú kí aṣọ le gbagidi, kí ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ní 1860, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé eré pé aṣọ tí òun ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ lòun yóò máa wọ̀, ohun tó bá sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ọrùn òun ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá 1862, níbi tí wọ́n ti ń dánra wò, ó gbọn aṣọ rẹ̀ nítòsí iná gáàsì. Pánápáná kan fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Oṣù mẹ́jọ ló fi jẹ̀rora kí ó tó kú ní 26 oṣù Keje 1863. Kò tíì pé ọmọ ọdún 21. Ìyókù aṣọ náà ṣì wà ní ilé ìṣúra Opéra ní Paris títí di òní.

Ní oṣù Kẹwàá 1881, Richard D'Oyly Carte ṣí ilé eré Savoy ní Lọ́ńdọ̀nù. Gílóòbù bíi 1,200 tí Joseph Swan ṣe ló tàn níbẹ̀. Ẹ̀rù iná ṣì ń ba àwọn èèyàn, pàápàá nígbà tí ilé eré Ring ní Vienna jó ní 8 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, tó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún òǹwòran. Ní 28 oṣù kan náà, Carte jáde sórí ìtàgé. Ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé gílóòbù tó ń tàn, ó sì fọ́ ọ níṣojú gbogbo èèyàn. Iná kú, aṣọ kò jó rárá. Irú aṣọ tó pa Emma ni.

Gílóòbù orí ògiri kò lè tẹ̀ lé ẹni tó ń jó, wáyà gígùn yóò sì gbé e ṣubú. Bátìrì ló yanjú rẹ̀. Gaston Planté ti ṣe èyí tó ṣeé tún kún níná ní 1859, awẹ́ òjé nínú ásíìdì. Ní 25 oṣù Kọkànlá 1882, tí Gilbert àti Sullivan gbé eré orin Iolanthe jáde ní Savoy, ìràwọ̀ iná tàn nírun olorí àwọn iwin àti mẹ́ta nínú àwọn ìsọ̀ǹgbè rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi bátìrì pamọ́ sí. Ẹ fojú inú wò ó: kí èèyàn máa kọrin, kó máa fò bí iwin, pẹ̀lú ẹrù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn! Ọ̀pọ̀ gbà pé ibẹ̀ ni orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe iná wẹ́wẹ́ Kérésì ti wá: iná iwin.

Ó tàn kálẹ̀ kíákíá. Ní oṣù Kẹta 1883, Alice Vanderbilt wọ aṣọ "Iná Mànàmáná" lọ síbi àríyá kan ní New York, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì inú aṣọ ń tàn. Ní òpin ọdún náà, Gustave Trouvé ṣe ohun ọ̀ṣọ́ olóòtútù iná fún àwọn oníjó Opéra ní Paris.

Lẹ́yìn ìyẹn, kíkéré ni gbogbo rẹ̀ ń kéré sí i. LED pupa tí Nick Holonyak ṣe ní 1962 kò gbóná bíi gílóòbù Swan, bátìrì tó kéré bíi bọ́tìnnì sì tó láti tàn án. Ásíìdì kò lè dà síni lẹ́yìn mọ́, àmọ́ ewu mìíràn wà: bí ọmọ kékeré bá gbé bátìrì bọ́tìnnì mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàrin wákàtí méjì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e sáré lọ. Méjì ló wà lára ìyẹ́ áńgẹ́lì kọ̀ọ̀kan lónìí, síkúrù la sì fi ti àpótí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á kí ẹ tó gba aṣọ náà lọ́rùn ọmọ yín.