Tony Allen kó tó di ìlú-mọ̀ọ́ká: àwọn àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ṣe lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ Fẹlá. Ẹni tí ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ ti gbọ́ orin rẹ̀ rí ní gáréèjì tàbí níbi ìnáwó. Ṣùgbọ́n ẹ bi èèyàn pé ta ló jókòó sẹ́yìn Fẹlá tó ń lu ìlù òyìnbó, èyí tí àwa tá a gbọ́ Faransé ń pè ní batterie. Ẹnu á wọhò. Tony Ọládípọ̀ Allen ni. Àwọn àwo ńláńlá tó bá Fẹlá ṣe ò ṣòroó rí lónìí. Ohun tá a fẹ́ tọpasẹ̀ rẹ̀ níbí ni iṣẹ́ tó ṣe kó tó bá Fẹlá pàdé, àti èyí tó ṣe fún àwọn ẹlòmíràn, tí orúkọ tirẹ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn àwo.

Igi méjì ló fi bẹ̀rẹ̀

Èkó ni wọ́n bí Tony sí, ní 1940. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wá láti ìran àwọn ará Gánà. Irú ilé tí èdè méjì mẹ́ta ti ń pàdé nídìí ìkòkò ọbẹ̀, tí ò ṣàjèjì sáwa ará Bẹ̀nẹ̀. Ilé iṣẹ́ rédíò ló ti ń tọ́jú ẹ̀rọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù, ó tó ọmọ ọdún 18. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ ọ. Ó ń gbọ́ jùjú nílé, ó ń gbọ́ àwọn onílù jáàsì Amẹ́ríkà, Art Blakey àti Max Roach, lórí àwo, ó sì ń wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nínú ìwé ìròyìn Down Beat ló ti ka ohun tí Max Roach sọ nípa àwo idẹ méjì tó dojú kọra, èyí tí ẹsẹ̀ òsì máa ń ṣí, tó sì máa ń pa dé. Tony sọ pé àwọn onílù tóun rí nígbà yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Òun fi ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ gbà á ni Cool Cats ti Victor Ọláìyá, ọ̀gá onífèrè háíláìfù. Wọn ò gbé ìlù fún un o! Igi kéékèèké méjì tí wọ́n ń gbá mọ́ra ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti rí ọmọdé tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní agogo nínú ẹgbẹ́ onílù á mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ̀sí. Ẹni tó mú igi yẹn ló di ojú ọ̀nà orin mú; bó bá ṣì í lù, gbogbo ẹgbẹ́ á ṣìnà. Nígbà tí onílù ẹgbẹ́ náà lọ, Tony bọ́ sórí àga. Lẹ́yìn tí Cool Cats tú ká, ó kiri: Agu Norris àti Heatwaves rẹ̀, Nigerian Messengers, Melody Makers, Western Toppers. Ẹlòmíràn lè ní èèyàn tí ò dúró sójú kan ni. Lójú tiwa, ilé ẹ̀kọ́ ló ń lọ. Bí wọ́n bá ń jó háíláìfù, bí wọ́n bá ń jó wáàsì tàbí chachachá, onílù ò gbọdọ̀ sọ pé òun ò mọ ọ̀kan.

Lórí àwo kéékèèké ìgbà náà, orúkọ ọ̀gá ẹgbẹ́ ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀, pẹ̀lú orúkọ orin àti ti ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde. Onílù, ẹni tó ń ta gìtá, ẹni tó ń gbá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló wọnú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "àti ẹgbẹ́ rẹ̀". Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a máa padà bá a.

Kí Africa 70 tó dé

Ní 1964, Fẹlá ń wá onílù. Ó ti ti London dé ní ọdún tó ṣáájú, ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́, jáàsì ló sì fẹ́ ṣe. Tony lọ gbìdánwò, Fẹlá mú un. Jáàsì lásán ò rí èrò tó pọ̀, ni wọ́n bá pò ó mọ́ háíláìfù ní 1965, lábẹ́ orúkọ Koola Lobitos. Ibí gan-an ni àwọn àwo tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ wà. Wọ́n ti kó wọn jọ sí àwo mẹ́ta tí wọ́n pè ní Highlife-Jazz and Afro-Soul, iṣẹ́ ọdún 1963 sí 1969. Ẹni tó bá ń retí Fẹlá tó ń bú ìjọba níbẹ̀ á já kulẹ̀: orin ìfẹ́ àti orin ijó ló pọ̀ jù, kúkurú ni wọ́n sì jẹ́, wọn ò jọ àwọn orin gígùn tá a mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ìdí orin. Ìlù náà ti ń ronú ohun tí àwọn fèrè ò tíì mọ̀. Ní 1969 ẹgbẹ́ náà lọ sí Amẹ́ríkà, owó tán mọ́ wọn lọ́wọ́ níbẹ̀, wọ́n sì gba orin sílẹ̀ ní Los Angeles kí wọ́n tó padà. The '69 Los Angeles Sessions ni wọ́n ń pe àwo yẹn. Nínú rẹ̀ lèèyàn ti ń gbọ́ bí háíláìfù ṣe ń di afrobeat, bí ìgbà tí ẹ̀kọ ń dì nínú ìkòkò.

Báwo lèèyàn ṣe ń dá ọwọ́ Tony mọ̀? Nílé ẹ̀kọ́ tá a ti ń kọ́ àwọn tó máa di olùkọ́, báyìí la ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ ní kí ẹnì kan máa pàtẹ́wọ́ déédéé, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn, kó máa kà á ní mẹ́rin-mẹ́rin. Onílù rọ́ọ̀kì tó wọ́pọ̀ á tẹ ìlù ńlá tó wà lẹ́sẹ̀ lé ìkíní àti ìkẹta, á wá lu ìlù kékeré lé ìkejì àti ìkẹrin. Ṣó yé yín? Tony ò ní ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìlù ẹsẹ̀ á fi àyè sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti ń retí rẹ̀, á wá dún láàárín àtẹ́wọ́ méjì. Ọwọ́ òsì á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí ìlù kékeré, àwo idẹ á mí díẹ̀ kó tó panu dé. Ó dà bí ìgbà tí ìyáàlù, omele, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ jọ ń jíròrò, àmọ́ èèyàn kan ṣoṣo ló jókòó síbẹ̀. Kì í sì í pariwo. Ìyẹn ló máa ń ya àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ lẹ́nu jù.

Fẹlá ló máa ń sọ ohun tí fèrè, gìtá àti àwọn elégbè máa ṣe. Tony ní ìlù òun nìkan ló fi sílẹ̀ fóun. Àwo tó ju 30 lọ ni wọ́n jọ ṣe. Mẹ́ta kan wà tí orúkọ Tony fúnra rẹ̀ wà níwájú wọn, tí Fẹlá bójú tó: Jealousy (1975), Progress (1977) àti No Accommodation for Lagos (1979). A rò pé Progress ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká dárúkọ Ginger Baker náà. Onílù rọ́ọ̀kì ni, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló lu ìlù fún ẹgbẹ́ Cream. Ní 1971 ó wa mọ́tò gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Nàìjíríà. Ọdún yẹn kan náà lòun àti ẹgbẹ́ Fẹlá ṣe àwo Live! ní situdíò Abbey Road ní London, níwájú èrò. Nígbà tí wọ́n tún àwo náà gbé jáde lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n fi ohun kan kún un tó ṣọ̀wọ́n: Baker àti Tony, ìlù sí ìlù, ní àjọ̀dún jáàsì Berlin ní 1978, ó ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ẹ máa dá wọn mọ̀. Ọ̀kan ń lù bí ẹni tó ń fọ́ àpáta, èkejì ń lù bí ẹni tó mọ ọ̀nà àárín àpáta. Ẹ̀yin ará òkè, ẹ mọ èyí tó máa kọ́kọ́ délé.

Ní 1979 Tony kúrò lọ́dọ̀ Fẹlá. Ó ní ètò ẹgbẹ́ náà ti dàrú, àti pé wọ́n jẹ òun ní owó àwo.

Orúkọ ẹlòmíràn lójú àwo

Ní 1984, nígbà tí King Sunny Adé ṣe Aura, tí Stevie Wonder fẹ ohun èlò rẹ̀ sí i, Tony wà nídìí ìlù. Wẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń gbójú fo ìyẹn. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ló gba London kọjá lọ fi Paris ṣe ibùgbé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ rédíò Faransé, ẹ ti gbọ́ ọ rí láìmọ̀. Ní 2004, Sébastien Tellier gbé La Ritournelle jáde: píánò ń yí po, ohùn olórin ń pẹ́ kó tó dé, ìlù ló ń gbé gbogbo rẹ̀ rìn. Tony ni. Ní 2006, Charlotte Gainsbourg ṣe 5:55. Tony tún ni. Àwọn ará Faransé tó ń kọrin yẹn mọ ẹni tí wọ́n pè wá. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ni ò mọ̀.

Àwọn onírọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ń pariwo orúkọ rẹ̀. Damon Albarn ti ẹgbẹ́ Blur dárúkọ Tony nínú orin kan ní 2000. Ní 2007 wọ́n jọ ṣe The Good, the Bad & the Queen, pẹ̀lú Paul Simonon tó ti wà nínú The Clash tẹ́lẹ̀. Ọmọ 66 ọdún ni bàbá yìí nígbà náà.

Èyí tó dùn mọ́ wa jù kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1980, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà kan, Talking Heads, ṣe Remain in Light. Àwo Fẹlá ni wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó ṣe é, ìyẹn ni pé ìlù Tony ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ní 2018, Angélique Kidjo, ọmọ Wida, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, tún gbogbo àwo náà kọ látòkèdélẹ̀. Ta ló wà lára àwọn tó bá a lu ìlù? Tony Allen. Ohun tí wọ́n yá lọ ní 1980 padà wálé lẹ́yìn ọdún 38. Ó tún bá Angélique ṣiṣẹ́ lórí Celia ní 2019.

Àwọn tó kù, a ó kàn dárúkọ wọn: àwo tí òun àti àwọn ará Haiti ṣe ní 2016, tó ní ìlù vodou nínú, àti Rejoice pẹ̀lú Hugh Masekela, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 2010 tó sì jáde ní 2020, lẹ́yìn tí Masekela ti lọ. Tony fúnra rẹ̀ kú ní Paris ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2020 yẹn kan náà.

Àwọn onílù tiwa ńkọ́?

Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou lu afrobeat, wọ́n sì lu sato pẹ̀lú ìlù Sakpata tiwa-n-tiwa. Yehouessi Léopold ni onílù wọn. Ó wà lára àwọn díẹ̀ tí orúkọ wọn hàn lójú àwo, nítorí Albarika Store tẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀kan. (Albarika náà ni àlùbáríkà wa.) Ẹgbẹ́ yìí tún ṣe ọ̀pọ̀ àwo fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ní Kùtọnu, tí díẹ̀ péré nínú wọn jáde. Ará Jámánì ló gbé irú wọn jáde padà ní 2008, nínú àkójọ The Vodoun Effect.

Ìdí tá a fi ń sọ èyí ni pé owó wà nínú orúkọ. Òfin Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ya ẹni tó kọ orin sọ́tọ̀ sí ẹni tó bá a lù ú, àmọ́ ó fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀tọ́. Èyí tí òfin ń pè ní droits voisins ni ti onílù. BUBEDRA ní Kùtọnu ló ń bójú tó o. Ṣùgbọ́n bí àwo bá wí pé "àti ẹgbẹ́ rẹ̀", kí ni ọmọ onílù máa mú lọ síbẹ̀?

Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwo àtijọ́ nínú àpótí, kó má tíì tà á fún àlejò tó ń kiri abúlé. Ẹ gbé e dúró lóòró, kì í ṣe lélẹ̀, kí oòrùn má sì kàn án, torí ó máa ń ká. Ẹ fi tẹlifóònù ya ojú méjèèjì, àti nọ́ńbà tí wọ́n họ sára àwo náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárín. Kẹ́ ẹ tún bi àwọn àgbà tó bá ẹgbẹ́ náà jó pé ta ló ń lu ìlù, kẹ́ ẹ kọ orúkọ tí wọ́n bá dá. Orí bébà ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe sára àpò àwo.