Ilé-Ẹ̀kọ́ Sẹ́ńtì Murumba ní Ìlú Jọ́ọ̀sì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ r'òde. Bí a bá fi òwe yìí wo ọ̀ràn ẹ̀kọ́, a ó rí i pé oríṣi ilé-ìwé gíráma méjì ni ó wà. Ọ̀kan ni èyí tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀, tí ó ń jẹ níbẹ̀, tí ó ń sùn níbẹ̀, tí kì í fojú kan bàbá àti ìyá rẹ̀ títí ìsinmi yóò fi dé. Èkejì ni èyí tí ọmọ ń ti ilé wá ní òwúrọ̀, tí ó sì ń padà sílé bí iṣẹ́ bá parí. Ti àkọ́kọ́ ni a máa ń pìtàn rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ti èkejì ni ó so mọ́ ìlú jù, nítorí pé ohun tí ó bá ìlú kò lè ṣàì bá a. Irú èyí ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀: Sẹ́ńtì Murumba, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin ti ìjọ Àgùdà ní ìlú Jọ́ọ̀sì.

A kò lè mọ ilé-ìwé náà bí a kò bá kọ́kọ́ mọ ìlú tí ó wà. Jọ́ọ̀sì kì í ṣe ìlú àtijọ́ bí Ọ̀yọ́ tàbí Kánò. Tánńganran ni ó bí i. Àwọn Berom, Anaguta àti Afizere ni wọ́n ni ilẹ̀ tí ó yí i ká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn òyìnbó awakùsà dé Naraguta, tí wọ́n rí i pé tánńganran pọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1914 ni ojú-irin kékeré kan ti Zaria dé Bukuru. Nígbà tí ó sì di ọdún 1927, ojú-irin ńlá tí ó ti Port Harcourt wá gba Kafanchan dé Jọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ ojú-irin ni ó kó ayé wá síbẹ̀: àwọn Haúsá, àwọn Ìgbò, àwọn Urhobo, àti àwa Yorùbá pẹ̀lú. Láàárín àwọn Yorùbá wọ̀nyí, àwọn oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò kéré rárá. Ìlú àlejò ni Jọ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àlejò ní ọmọ, ọmọ kò sì gbọdọ̀ wà láìkàwé.

Báwo ni ìjọ Àgùdà ṣe débẹ̀? Àwọn Fadà ẹgbẹ́ SMA, tí Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1856, ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn kan náà ni wọ́n wá fìdí kalẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1868, tí wọ́n bá àwọn Àgùdà tí ó ti Bùràsíìlì padà bọ̀ níbẹ̀. Orúkọ àwọn wọ̀nyí ni Yorùbá sì fi pe ìjọ náà títí di òní. Ní ọdún 1907, àwọn Fadà mẹ́ta dé Shendam, ní apá gúúsù ilẹ̀ tí a ń pè ní Plateau lónìí. Ìjọba òyìnbó kò fẹ́ kí àwọn oníwàásù wọ ìlú àwọn Ẹ́míà, nítorí àdéhùn tí wọ́n bá àwọn ọba náà ṣe lórí ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n ní àwọn òkè Plateau, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ti í ṣe Mùsùlùmí, ọ̀nà ṣí díẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé-ìwé àwọn ìjọ Kristi fi pọ̀ níbẹ̀ ju apá ibòmíràn ní Òkè Ọya lọ. Ní ọdún 1934 ni Jọ́ọ̀sì di olórí agbègbè ìjọ náà, ó sì di díósísì ní ọdún 1953. Bíṣọ́ọ̀bù John Reddington, ará Ireland, ni ó ṣe àkóso rẹ̀ láti ọdún 1954 sí ọdún 1974. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Gabriel Ganaka, ọmọ ilẹ̀ Plateau fúnra rẹ̀, gorí àlééfà.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ta ni Murumba tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-ìwé yìí? Kì í ṣe òyìnbó. Matthias Murumba, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè ní Mulumba, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ajẹ́rìíkú Uganda méjìlélógún tí ìjọ Àgùdà ń bọlá fún. Ilẹ̀ Busoga ni a bí i sí, wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, ó sì dàgbà láàárín àwọn ará Buganda títí ó fi di onídàájọ́ lábẹ́ ìjòyè ńlá kan. Ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀sìn Mùsùlùmí. Lẹ́yìn náà ó lọ gbọ́ ẹ̀kọ́ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, kí ó tó wá ṣe ìrìbọmi nínú ìjọ Àgùdà ní ọdún 1882. Nígbà tí Ọba Mwanga dìde sí àwọn onígbàgbọ́, wọ́n gé Murumba lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1886, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ó kú díẹ̀díẹ̀. Póòpù Paul Kẹfà kéde rẹ̀ ní Ẹni Mímọ́ ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹwàá ọdún 1964.

Ẹ jẹ́ kí á ro èyí dáadáa. Àlejò ni ọkùnrin náà ní ìlú tí ó ti di ènìyàn pàtàkì. Ó dé àgbàlá ẹ̀sìn mẹ́ta kí ó tó kú sínú ọ̀kan. Bí a bá ní kí á wá orúkọ tí ó bá ilé-ìwé kan mu ní ìlú bí Jọ́ọ̀sì, níbo ni a ó ti rí èyí tí ó ju èyí lọ?

Ìjọ Àgùdà ní ilé-ìwé ọmọkùnrin mìíràn ní Vom, lẹ́yìn ìlú, èyí tí a fi orúkọ Sẹ́ńtì Joseph pè. Àwọn ọmọbìnrin sì ní Sẹ́ńtì Louis. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè san owó oúnjẹ àti ibùsùn ńkọ́? Ọmọ awakùsà, ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ọmọ ìyá tí ń pàtẹ lọ́jà? Ilé-ìwé tí ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn dé ni ó yẹ irú wọn. Nínú ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì, tí òtútù rẹ̀ ń gún ni bí abẹ́rẹ́, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò jí, yóò sọ èdè ìyá rẹ̀ nílé, yóò sọ Haúsá lójú títì, yóò sì sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ó bá wọ kíláàsì. Kí oòrùn tó wọ̀, yóò tún padà sínú èdè ìyá rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ṣí ìwé orúkọ ní irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, gbogbo àdúgbò ìlú ni ó ń pè.

A rí àpẹẹrẹ ohun tí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ lè ṣe ní Èkó. Fadà Denis Slattery, tí òun náà jẹ́ ti ẹgbẹ́ SMA, dá St. Finbarr's sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin ní ọdún 1956. Ó da ẹ̀kọ́ ìwé pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó sì fi bọ́ọ̀lù kún un. Ibẹ̀ ni Stephen Keshi ti jáde, ẹni tí ó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tí ó gba ife Áfíríkà ní ọdún 1994, tí ó sì tún jẹ́ olùkọ́ni wọn nígbà tí wọ́n gbà á ní ọdún 2013.

Ṣùgbọ́n mo ti sọ pé ohun tí ó bá ìlú kò lè ṣàì bá irú ilé-ìwé yìí. Ní ọdún 1966, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlà-Oòrùn ní àwọn ìlú Òkè Ọya, Jọ́ọ̀sì kò sì yọ sílẹ̀. Àwọn tí ó yè sá padà sílé. Àwọn Ìgbò sì pọ̀ nínú ìjọ Àgùdà ìlú náà, nínú àwọn olùkọ́ àti nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ilé bá tú ní àdúgbò, àga a ṣófo ní kíláàsì. Lẹ́yìn ogun, ní àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun gba ilé-ìwé mọ́ àwọn ìjọ lọ́wọ́ káàkiri ilẹ̀ yìí. Wọ́n ní kí ẹ̀kọ́ lè dọ́gba fún gbogbo ọmọ, láìwo ẹ̀sìn. Ìpínlẹ̀ Benue-Plateau pín sí méjì ní ọdún 1976, Jọ́ọ̀sì sì di olú-ìlú Plateau. Gbogbo rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ Murumba kò parẹ́.

Ìdánwò tí ó le jù sì wà níwájú. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí àti àwọn Kristẹni ní Jọ́ọ̀sì. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2008 àti ní ọdún 2010. Lẹ́yìn èyí, àwọn àdúgbò pín. Ẹni tí ó ń gbé pẹ̀lú aládùúgbò ẹlẹ́sìn mìíràn kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀. Ní ọdún 2011 ni Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Ignatius Kaigama dá ibùdó kan sílẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti ìlàjà láàárín àwọn ẹlẹ́sìn. Iṣẹ́ rere ni. Àmọ́ àgbàlagbà tí a pè sí ìpàdé ìlàjà ti di igi gbígbẹ, ọmọdé ni ó ṣì ṣe é tẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ mi fì sí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ r'òde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé náà ni a tún ti ń kó ìbínú r'òde. Ilé-ìwé tí ọmọ ń ti ilé wá kò ní ògiri tí ó lè dá ìbínú ilé dúró. Àǹfààní kan ni ó ní: ohun tí ọmọ bá rí lórí ìjókòó ẹgbẹ́ rẹ̀, ilé ni yóò gbé e lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Bí ọmọ Berom àti ọmọ Haúsá bá jọ jókòó, ìròyìn ara wọn yóò dé ilé kejì. Bí àdúgbò bá pín tí wọn kò jọ jókòó mọ́, kí ni wọn yóò gbé lọ?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ọ̀pọ̀ yín ni a ó rán lọ sí irú ìlú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ṣí ìwé orúkọ ní òwúrọ̀, ẹ má kàn pe orúkọ lásán. Ẹ wo àdúgbò tí kò sí níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìdí rẹ̀.