Jẹ ọ́ìlì

Tí mẹkáníìkì bá ní ọkọ̀ rẹ ń jẹ epo, owó rẹ ló ń káàánú. Tó bá ní ó ń jẹ ọ́ìlì, àìsàn ló ń sọ. Bẹntiróòlù ni oúnjẹ ẹ́ńjìnnì. Ìpara ni ọ́ìlì jẹ́ fún un. Ẹni tó bá ń jẹ ìpara rẹ̀, ara onítọ̀hún ò yá.

Púlọ́ọ̀gì ni ẹlẹ́rìí. Wo Volkswagen Beetle, Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975: púlọ́ọ̀gì 4, sìlíńdà 4. Tú wọn, kí o tò wọ́n bí o ṣe tú wọn. Èyí tó dúdú tó sì gbẹ bí èédú, bẹntiróòlù ló pọ̀ jù fún un. Èyí tó dúdú, tó tutù, tó ń dán, ọ́ìlì ló wọ ibẹ̀, kò sì ní jẹ́ kó ta iná dáadáa.

Fi bẹntiróòlù àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, nù ún gbẹ, yóò tún ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ojú egbò lo fọ̀ yẹn. Bí ọkọ̀ bá ń rú èéfín búlúù nígbà tí o bá tẹ iná mọ́ ọn, ríìngì písítìn ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ ìgbà tí o kọ́kọ́ sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀ ni, ọ̀dọ̀ fáàfù ni kí o wò.

Ibi tí ọ́ìlì ń gbà wọlé ni kí a dí. Nígbà náà ni jíjẹ tó dópin.