Ọ̀tẹ̀ àti Ìyípadà Tegbòtigaga

Ọ̀tẹ̀ ni kí àwọn tí ìjọba ń pàṣẹ fún kọ̀ láti gbọ́ràn mọ́. Ìyípadà tegbòtigaga ni kí wọ́n hú ètò ìṣàkóso náà ti gbòǹgbò ti gbòǹgbò, kí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọlọ̀tẹ̀ ní ẹrù orí òun ti wúwo jù, kí wọ́n bá òun sọ̀ ọ́. Ẹni tó ń wá ìyípadà tegbòtigaga ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di ẹrù bẹ́ẹ̀ rú ọmọ ènìyàn mọ́. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀tẹ̀ àti rìkíṣí jọ ń rìn ni, ìdí nìyí tó fi yá àwọn aláṣẹ lẹ́nu láti pe ẹnikẹ́ni tó bá ta kò wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀.

Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà jẹ́ ọ̀tẹ̀ tó kẹ́sẹ járí. Ní 1968, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, owó orí ga, owó kòkó kò tó nǹkan, àwọn wolé-wolé àti akódà sì ń da àwọn ará abúlé láàmú. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn àgbẹ̀ rọ́ lọ sí gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn, ìbọn dún, èèyàn sì kú. Tafá Adéoyè ará Akanran wà lára àwọn olórí wọn. Òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni wọ́n ní àwọn lè san. Ní 1969, rògbòdìyàn owó orí gba ẹ̀mí Ṣọ̀ún, ọba Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn àgbẹ̀ sì já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò wá àga ìjọba gbà. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀, tí owó orí sì wálẹ̀ sí £2, wọ́n padà sí oko. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wo èyí: àgbẹ̀ tó mú ìjọba ológun yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ti ṣe bẹbẹ.

Ní Saint-Domingue, ilẹ̀ tí Fránsì ń ṣàkóso ní Karibíà nígbà náà, ọ̀tẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ tó wá di nǹkan mìíràn. Ẹrú tó tó ìdajì mílíọ̀nù ló wà níbẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ 1791, àwọn ti apá àríwá dìde, wọ́n dáná sun oko ìrèké. Kí ọdún náà tó parí, Jean-François àti Biassou tí wọ́n jẹ́ olórí wọn ti ń dúnàádúrà: kí wọ́n dá ọgọ́rùn-ún mélòó kan nínú àwọn sílẹ̀, àwọn yòókù á padà sẹ́nu iṣẹ́. Toussaint Louverture, tó wá di olórí wọn lẹ́yìn náà, pàápàá mọ̀ sí i. Àwọn olóko ló kọ̀. Ká ní wọ́n gbà ni, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìjà náà ń bá a lọ. Ní 1793, àwọn aṣojú ìjọba Fránsì kéde òmìnira fún gbogbo ẹrú níbẹ̀, Paris sì fọwọ́ sí i ní 1794. Nígbà tí Napoleon rán ọmọ ogun wá ní 1802, tí ìròyìn sì dé pé oko ẹrú ti padà sí Guadeloupe, erékùṣù mìíràn tí Fránsì ń ṣàkóso, àwọn èèyàn rí i pé ọ̀nà ẹ̀yìn ti dí. Toussaint kú sẹ́wọ̀n ní Fránsì ní 1803. Dessalines, ọ̀gágun tó gba ipò rẹ̀, ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Fránsì ní Vertières ní Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ó sì kéde òmìnira ní ọjọ́ 1 Oṣù Kìíní 1804, lábẹ́ orúkọ Haiti tí àwọn onílẹ̀ àtijọ́ ń pe ibẹ̀. Ìwé òfin 1805 ló jọ mí lójú jù: ó fi òpin sí oko ẹrú títí láé, ó sì pàṣẹ pé aláwọ̀ dúdú ni kí wọ́n máa pe gbogbo ọmọ Haiti, títí kan àwọn ará Poland àti Jámánì tó di ọmọ ibẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kàn dín ìyà òun kù kò ní ronú dé ibẹ̀ yẹn.

Ti Bahia ní Brazil kò rí bẹ́ẹ̀. Lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 Oṣù Kìíní 1835, àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, gbé idà ní Salvador. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n, láti ara ọ̀rọ̀ wa, ìmàle. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n ti ṣẹ́gun wọn, ìlú tí wọn ì bá dá sílẹ̀ kò sì wáyé. Ọ̀tẹ̀ ni ilé ẹjọ́ pè é, orúkọ náà ló sì mọ́ ọn lára. Ìjọba na àwọn kan ní pàṣán, ó pa àwọn kan, ó sì kó àwọn kan sínú ọkọ̀ ojú omi padà sí etíkun Áfíríkà.