Ọmọ tí Ilé-Ìwé Lé Jáde

Bí ilé-ìwé bá lé ọmọ jáde, ṣe la máa ń mirí, tí a ó ní, "Ó tán fún ìyẹn." Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má tíì mirí. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ọmọkùnrin kan láti ìlú Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní Roni Size.

Ryan Williams ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Jàmáíkà làwọn òbí rẹ̀ ti wá, Bristol ni wọ́n sì bí i sí ní 1969. Ìlú náà kò rọrùn fún aláwọ̀ dúdú. Títí di 1963, ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í gbà wọ́n láti wa bọ́ọ̀sì tàbí láti gba owó ọkọ̀; ìgbà tí àwọn èèyàn kọ̀ tí wọn ò wọ bọ́ọ̀sì mọ́ ni wọ́n tó yí i padà. Ní oṣù kẹrin 1980, ọlọ́pàá ya wọ ilé oúnjẹ kan ní àdúgbò St Pauls, ni ìjà bá bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún 10 ni Roni nígbà náà.

Nígbà tó di ọmọ ọdún 16, ilé-ìwé lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kílọ́ọ̀bù àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní Bristol tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ to orin. Ibẹ̀ ló di ilé-ìwé rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, orin tuntun hù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ́kọ́ ń pè é ní jungle, lẹ́yìn náà ni drum and bass. Báyìí ni mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀: omele ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ó tó ìgbà 170 láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n baàsì abẹ́ rẹ̀ ń rọra yan bí ọba. Inú àwo orin àtijọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gé púpọ̀ nínú ìlù náà. Ìdí baàsì rẹ̀, Jàmáíkà ni.

Roni ò dá a ṣe. Ní 1993, òun pẹ̀lú Krust, Suv àti Die dá ilé-iṣẹ́ àwo orin tiwọn sílẹ̀, Full Cycle, ní Bristol níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kó ẹgbẹ́ eléré Reprazent jọ, wọ́n mú onílù gidi àti ẹni tó ń ta baàsì onígi mọ́ ẹ̀rọ. Ní 1997, àwo wọn, New Forms, gba ẹ̀bùn Mercury, tí wọ́n ń fún àwo kan ṣoṣo tó ta yọ lọ́dún. Radiohead àti Spice Girls wà lára àwọn tí wọ́n jọ du ú. Ẹnu ya ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹnì kan á ní orí ló gbè é. N ò jiyàn. Àmọ́ orí tí yóò lu ìlù, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ìlù náà. Láti 2010, ìjọba ti gé owó irú àwọn kílọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ sì ti kógbá sílé. Àwa náà ńkọ́, ní ìgboro tiwa? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ ò sọ pé olùkọ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ kọ́ ọ.