Ọpọlọ Leborgne

Ní oṣù kẹrin ọdún 1861, wọ́n gbé aláìsàn kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹrà wá sọ́dọ̀ Paul Broca, oníṣẹ́-abẹ ní ilé-ìwòsàn Bicêtre lẹ́bàá Paris. Leborgne ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ‘Tan’ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí ohunkóhun tí a bá bi í, ‘tan, tan’ ni èsì rẹ̀. (Létí Yorùbá, àfi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán.) Láti nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni kò ti lè sọ̀rọ̀ mọ́. Síbẹ̀, kì í ṣe òpè. Nígbà tí Broca bi í pé ọdún mélòó ni ó ti lò níbẹ̀, ó la ọwọ́ nígbà mẹ́rin, ó sì fi ìka kan lé e: ọdún 21. Ó gbà á. Bí inú bá sì bí i, èébú kan máa ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ geere. Òye wà, ohùn wà; ibo wá ni ọ̀rọ̀ gbà lọ?

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà ni ó kú. Broca rí ọgbẹ́ níwájú ọpọlọ rẹ̀ lápá òsì, ó sì kéde pé ibẹ̀ ni ìfọhùn fi ṣe ibùjókòó.

Ní 1874, Carl Wernicke, ọ̀dọ́ oníṣègùn ará Jámánì tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣàlàyé àwọn tí ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu wọn wàràwàrà ṣùgbọ́n tí kò nítumọ̀. Ẹ̀yìn ni ọgbẹ́ tiwọn wà. Lójú tèmi, òun ló rí òótọ́ jù: ẹ̀yìn ni a ń kó ìró ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, iwájú ni a ti ń darí ẹnu, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín ló sì so méjèèjì pọ̀. Bí fọ́nrán wọ̀nyí bá já, ó ní, ènìyàn yóò gbọ́, yóò sì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n yóò máa ṣi ọ̀rọ̀ mú.

Broca kò gé ọpọlọ Leborgne wẹ́wẹ́. Inú ọtí ni ó fi pa á mọ́. Ní 2007, Nina Dronkers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ MRI wò ó: ọgbẹ́ náà jìn ju èyí tí Broca fojú rí lọ, ó sì ti ba àwọn fọ́nrán ìsopọ̀ gan-an jẹ́. Síbẹ̀ àwa olùkọ́ èdè ṣì ń ya òbírí méjì sójú pátákó, a kì í fa okùn tó so wọ́n.

Louis Victor ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Kí àìsàn tó dé, igi tí àwọn aránbàtà ń lò ló ń gbẹ́.