I. K. Dáíró: Ìrìn Àjò Ọ̀gá Jùjú láti Ọ̀fà dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró jẹ́ olórin jùjú tó ń fúnra rẹ̀ kọ orin rẹ̀. Ọ̀fà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1930, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni orírun ìdílé rẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìlú orí òkè ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ni ọlọ́jọ́ ti dé bá a.

Àìrówó ló mú un fi ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ó gba Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà lọ, ó ń gẹrun jẹun, ìlù tí bàbá rẹ̀ ṣe fún un láti kékeré sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń kiri aṣọ l'Ẹ́dẹ. Bílẹ̀ bá ti ṣú, ó di ìdí ìlù, títí ọ̀gá rẹ̀ fi lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí orin.

Lọ́dún 1957, ó dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá sílẹ̀, Morning Star Orchestra, tó wá di Blue Spots. Gìtá àti gángan ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n akọ́díọ̀nù ló yà á sọ́tọ̀: Dáíró á gbé e kọ́ àyà, á máa fà á ṣí, á máa tì í pa dé, ìka rẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́, ohùn akọ́díọ̀nù náà á sì máa dáhùn sí orin. Ojú kan àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ìgbà náà kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ni Dáíró ti ń kó òwe, ìfẹ́ àti àdúrà Aládùúrà jọ, tí ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà sì ń dún lẹ́nu rẹ̀. «Salome» wà lára èyí tó gbajúmọ̀ jù.

Ní 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Nígbà tí àwọn olórin jùjú mìíràn, Ebenezer Obey àti Sunny Adé, gba iwájú ní àwọn ọdún 1970, iṣẹ́ ìjọ Ọlọ́run ni Dáíró gbájú mọ́. Síbẹ̀, orin kò fi í sílẹ̀: ní àárín àwọn ọdún 1990, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórin ní Yunifásítì Washington ní Seattle, l'Amẹ́ríkà. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì, 1996. Ọmọ rẹ̀, Paul Dáíró, tún orin bàbá rẹ̀, «Mo Ṣoríire», kọ fún ìran tuntun.

Dáíró kò pa ohùn ilé tì kí ayé tó gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ẹ wá àwo rẹ̀ rí, kí ẹ sì fi í kọ́ṣẹ́.